Ebi Ìtàn Ń Pa Ọmọ Tó Ń Sá fún Ìwé

(Àwòrán: ọmọkùnrin kan lórí àga, ó da ojú ìwé ìtàn dé orí itan rẹ̀, ó ń wo òde láti ojú fèrèsé.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin tísà, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń bá wọn tọ́jú àbúrò nílé. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kì í fẹ́ ṣí ìwé la fẹ́ jọ sọ lónìí. Ọmọ ọdún 9 tàbí 10 ni. Ó mọ ìwé kà, tísà rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ní kó mú ìwé ìtàn, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ojú ìwé kan á gbà á ní odindi ìrọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ rà fún un nígbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ó ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí láti ọjọ́ yẹn.

Ọmọ yìí kan náà, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà jókòó kí wọ́n máa sọ bí táyà ọkọ̀ ṣe bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Á rọra sún mọ́ wọn. Á gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá pàlọ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ tún pa ọ̀kan sí i." Ebi ìtàn ń pa ọmọ náà gidigidi. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé: ọmọ tó bá lè jókòó gbọ́ ìtàn lè di òǹkàwé. Iṣẹ́ àwa àgbà ni ká fi etí mú un dé ibi tí ọkàn rẹ̀ kò ti ní gbà kó dúró mọ́, kí ìwé náà sì wà nítòsí rẹ̀ nígbà yẹn.

(Àwòrán: ọwọ́ tísà ń kọ àmì ìsọdipúpọ̀ sójú pátákó.)

Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Philip Gough àti William Tunmer, ṣàlàyé pé nǹkan méjì ló pàdé kí ìwé tó yé ẹni tó ń kà á. Ọ̀kan ni kí ojú lè tú lẹ́tà sí ọ̀rọ̀. Èkejì ni kí èdè náà yé ọmọ bí ó bá fetí gbọ́ ọ. Ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n fi ṣe, wọn ò fi ṣe àròpọ̀. Ìyẹn ni pé bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó, òdo náà ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi èyí wo ọmọ yín. Ẹ ka ojú ìwé kan sí i létí, kí ẹ sì ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Bó bá rò ó láìkù síbì kan, àmọ́ tó ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kà, ojú àti lẹ́tà ló ń bá jà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò tún lẹ́tà àti ìró wọn kọ́ ọ. Bó bá ń gbé ìwé sún mọ́ imú jù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kí ẹ tó bá a wí. Bó bá sì jẹ́ pé èdè inú ìwé ni kò yé e, ìwé yẹn ga jù ú lọ nìyẹn. Àwọn tísà ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà mọ̀: ọmọ á ka ojú ìwé kan, á máa na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka 5 bá ti nà kí ojú ìwé náà tó tán, ẹ gbé ìwé náà pamọ́ dìgbà míì.

Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọmọ tí mò ń wí kò ní ìṣòro kankan nínú méjèèjì. Ìwé ò tíì dùn mọ́ wọn rí ni. Ìwé tí wọ́n mọ̀ ni ìwé ìdánwò, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ìwé tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ na ènìyàn. Irú àwọn wọ̀nyí ni ìtàn ìrìnkèrindò wà fún.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń hun irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan á kúrò nílé. Ó lè jẹ́ ọba ló rán an níṣẹ́, ó lè jẹ́ nǹkan tó sọnù ló ń wá, ó lè jẹ́ ìyà ló lé e jáde. Kò ní rìn jìnnà tí ewu á fi yọ sí i. Bó bá bọ́ nínú ọ̀kan, òmíràn á ti lúgọ dè é níwájú. Òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí orí kan parí ní ìrọ̀rùn: ilẹ̀kùn á ṣí, a ò ní rí ẹni tó ṣí i, orí yẹn á sì tán síbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn ọmọ: kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè yẹn ló ń ti ènìyàn láti ojú ìwé kan sí òmíràn. Ẹgba ò lè ṣe é. Bisikíìtì tí a fi ṣe ìlérí náà ò lè ṣe é.

(Àwòrán: ìyá àti ọmọbìnrin kan lórí ẹní, iná fìtílà, ìwé láàárín wọn.)

Ó wá ku bí a ṣe máa ṣe é. Ẹ kà á sókè fún un. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ti tó ọdún 11, ẹ kà á fún un. Ohun tí etí ọmọdé lè gbà ju ohun tí ojú rẹ̀ lè dá kà lọ, nítorí náà ẹ lè fi ohùn yín gbé e wọ inú ìtàn tí òun nìkan kò ní lè wọ̀. Ẹ má sì kà á bí ẹni ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹranko bá bú ramúramù, kí ẹ̀yin náà bú ramúramù. Bí olè bá ń yọ́ rìn, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀ títí ọmọ á fi na ọrùn. Mo ti rí bàbá kan tó ń tiju láti ṣe báyìí, tó ní òun kì í ṣe òṣèré. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò wá òṣèré. Bàbá wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ìṣẹ́jú 15 tó lálẹ́ kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí ẹ máa dúró sí. Ẹ dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Akọni ti di ẹ̀ka igi mú, ẹ̀ka náà ti ń ya, ẹ̀yin ẹ fi nǹkan sójú ibẹ̀, kí ẹ ní ó ti rẹ̀ yín. Irọ́ kọ́, láti àárọ̀ lẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gbé ìwé náà síbi tí ọwọ́ ọmọ á tó, kí ẹ bá tiyín lọ.

Ọmọ kan á bẹ̀ yín pé kí ẹ kà á tán. Òmíràn ò ní sọ nǹkan kan, àmọ́ bí ẹ bá padà dé lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ máa rí i pé ìwé náà ti kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Ẹ má pariwo. Ẹ má ní, "Áà, o ti ń kàwé báyìí!" Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn kan sì wà tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ ṣáà máa bá a lọ lálaalẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bó bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ pín in kà. Kí òun máa sọ ọ̀rọ̀ akọni, kí ẹ̀yin máa sọ ti iwin. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, ẹ pè é bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ìtàn máa lọ. Ẹni tí wọ́n bá ń dá dúró ní gbogbo ìlà ò lè mọ adùn ìtàn.

Bí ìwé kò bá yá yín lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kà á. Bí ẹ̀gbọ́n bá wà níléèwé gíga, kó gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí àbúrò máa fi ìka tọ ìwé bó ṣe ń gbọ́.

(Àwòrán: máàpù ìpínlẹ̀ Oǹdó, Òkè-Igbó yọ jáde.)

Àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìtàn kò jìnnà sí wa. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà lọ́dún 1903. Tísà ni. Lọ́dún 1938 ni ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, ó sì wà lára àwọn ìwé ìtàn àròsọ tó kọ́kọ́ jáde lédè Yorùbá. Ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-Ògùn ló ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí nínú igbó. Nígbà tó yá, ọba rán òun àti àwọn akọni mìíràn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ohun tí ọmọdé máa ń fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé akọni kọ̀ọ̀kan ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: Kàkó ní kùmọ̀, Ẹfọ̀ìyẹ̀ ń ta ọfà, Ìmọ̀dóyé ní ọgbọ́n, ohùn Olóhùn-Iyọ̀ sì dùn láti gbọ́. Ẹ bi ọmọ yín pé ta ni òun fẹ́ jẹ́ nínú wọn. Ìjíròrò yẹn lè gbà yín di òru.

Síbẹ̀ mi ò ní tàn yín. Ẹ má kàn gbé ìwé Fágúnwà lé ọmọ tó ń sá fún ìwé lọ́wọ́. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, èdè rẹ̀ jinlẹ̀, àwọn ibì kan sì wà tí ìwàásù ti gba ojú ìwé púpọ̀. Ìwé tí a ń gbọ́ ni. Ẹ kà á sókè, ẹ ó rí i bí ìlù ṣe wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kan ibi ìwàásù, tí ojú ọmọ sì ti ń wá oorun, ẹ fò ó, kí ẹ lọ síbi ìjà. Ẹ̀yin òbí tí orúkọ irúnmalẹ̀ ń bà lẹ́rù, Kristẹni ni ẹni tó kọ ọ́, ìjọ CMS ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ Ọlọ́run kún inú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yín rọ̀ mọ́, Chike and the River tí Chinua Achebe kọ lọ́dún 1966 kúrú, ọmọdé sì ni akọni rẹ̀: ọmọkùnrin kan ní Onitsha tó fẹ́ sọdá odò Ọya dé Asaba, tó sì lọ bá àwọn olè pàdé lọ́hùn-ún. Fún àwọn tó ti gòkè díẹ̀, tó ń fẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ wá Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti ọdún 1969. Lápadé inú rẹ̀ kì í fi ẹsẹ̀ kan sílé.

(Àwòrán: àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, àwọn ọmọdé ń gòkè.)

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Lọ́dún 1881, ní Skọ́tílándì, òǹkọ̀wé kan, Robert Louis Stevenson, àti ọmọ ìyàwó rẹ̀ há mọ́lé nítorí òjò. Wọ́n ya máàpù erékùṣù kan tí kò sí níbì kankan, wọ́n sì ń sọ àwọn ibẹ̀ lórúkọ. Inú máàpù yẹn ni ìwé ìtàn ìrìnkèrindò rẹ̀, Treasure Island, ti jáde. Bó ṣe ń kọ orí kọ̀ọ̀kan ló ń kà á sókè fún àwọn ará ilé rẹ̀.

Àwa náà ní Òkè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ìlú àtijọ́ wà lókè lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ààfin ọba àti ilé ẹjọ́ àtijọ́. Ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà níbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ lára àpáta, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í gbà, ti ọmọdé ni o, ti àgbà ni o. Ẹ mú ọmọ yín gòkè lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí ẹ bá padà délé, ẹ fún un ní bébà ńlá kó ya ibẹ̀ bó ṣe rántí rẹ̀. Kí ẹ wá bi í pé: "Bí ìwọ bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ sórí òkè yẹn, ibo lo máa fi sí? Ta ni o ò fẹ́ kó rí i?" Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè yìí ti ń pìtàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, bí ó bá bá akọni inú ìwé níbi tó ti ń pọ́n àpáta, orúnkún tirẹ̀ ti mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń bẹ̀ yín. Ó ti mọ́ wa lára láti máa béèrè nígbà tí ìtàn bá parí pé, "Ẹ̀kọ́ wo lo rí kọ́?" Fún àlọ́ ìjàpá, ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti inú igbó bọ̀, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù kìkì, bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè yẹn, ẹ ti sọ ìtàn náà di ìdánwò. Ẹ bi í pé ibo ló ti bà á lẹ́rù jù. Bó bá sì ní ìwé kan kò dùn mọ́ òun lẹ́yìn orí méjì, ẹ gbà fún un kó jù ú sílẹ̀, kí ẹ wá òmíràn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ òfo bá yín nígbà tí ọ̀kan bá tán. Ọmọ tó bá parí Ògbójú Ọdẹ á fẹ́ mọ̀ sí i nípa Àkàrà-Ògùn. Bàbá Àkàrà-Ògùn, Olówó-Ayé, ló ni ìtàn inú Igbó Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1949. Ẹ ti rà á sílé kó tó ku orí kan.