Kókó Ọrùn àti Òrùka Inú Àwòrán MRI

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ nílùú Ìbàdàn ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni.

Nínú ọrùn èèyàn nìkan, àwọn kókó kéékèèké tí dókítà ń pè ní lymph node tó nǹkan bí 300. Àwọn ló ń sẹ́ omi ara, tí wọ́n ń dá kòkòrò àrùn dúró. Bí jẹjẹrẹ bá mú ahọ́n, ọ̀fun tàbí ẹ̀yìn imú, ọ̀dọ̀ wọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹlòmíì ò ní mọ ìnira kankan lẹ́nu. Kókó ọrùn ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Tẹ́lẹ̀, títóbi kókó la gbójú lé: bí ìbú rẹ̀ bá ti ju mìlímítà 10 lọ, a ó fura sí i. Ìwọ̀n yẹn ò tó gbára lé. Eyín tó rà lè mú kókó wú, jẹjẹrẹ sì lè ti fara pamọ́ sínú èyí tó kéré.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, láti wo inú kókó náà. Òòfà ńlá ló wà nínú rẹ̀, ìdí tí a fi ń ní kí ẹ bọ́ yẹtí kí ẹ sì yọ píìnì gèlè nìyẹn. A ó kọ́kọ́ ya àwòrán lásán, lẹ́yìn náà la ó fa contrast, oògùn tí gadolinium wà nínú rẹ̀, sí iṣan apá yín. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, ibi tó bá sì dé ló ń mọ́lẹ̀. Kókó tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ máa ń dàgbà kọjá ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè bọ́. Àárín rẹ̀ á kú, contrast ò ní débẹ̀. Etí rẹ̀ á máa tàn yí ká bí òrùka, inú á ṣókùnkùn. Àfi bí àgbálùmọ̀ tí ẹ rà ní Bódìjà: ara ń dán, inú ti rà. Bí etí òrùka náà bá wá rí jákujàku, tó ń ṣàn wọ ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àfàìmọ̀ ni àrùn ò ti já èèpo kókó jáde.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ikọ́ ife náà ń wọ kókó ọrùn, kódà lára ẹni tí kì í wúkọ́, ó sì ń yọ òrùka kan náà. Mo ti fọwọ́ sọ̀yà rí pé jẹjẹrẹ ni, àyẹ̀wò ní ikọ́ ife ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú kókó náà wò.

Ìyá kan dìde: “Dókítà, ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ò ní tú jẹjẹrẹ ká báyìí?” Mo ní, “Mà, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Èyí tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ láìyẹ̀ wò ló ń tàn ká.”

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ sọ fún wa kó tó gba contrast. Láti 2006 ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn gadolinium kan lè mú kí awọ irú wọn le gbagidi. Bàbá kan lẹ́yìn ní òun ò ní wàhálà kíndìnrín, agbo jẹ̀díjẹ̀dí nìkan lòun ń mu láràárọ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ná.