Ilé Ńlá Létí Òkun: Ohun Tí Ògùnpa Ti Kọ́ Wa

[Àwòrán: òkè ilé kan ní Mọ́kọ́lá. Páànù pupa Ìbàdàn tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.]

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ mi díẹ̀. Irin rọ́ọ̀dù lẹ ń wò yìí, èyí táwọn tó ń dì irin máa ń tò kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, bákan náà ni gbogbo ara rẹ̀ rí. Ẹ wò ó báyìí: ìdí rẹ̀ ṣì nípọn, àárín rẹ̀ ti rù. Bí mo bá fi èékánná họ ọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bọ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Ara bákónì ilé fúláàtì kan tó kọjú sí òkun ní Lẹ́kí ni mo ti mú un wá. Ilé náà ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Bàbá tó ni ín, Jẹ́ríkò níbí ni wọ́n ń gbé, ìdí òwò kòkó ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi lọ wo ilé yẹn, ó ń sán bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà nígbà ọyẹ́." Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi ìka kan abẹ́ bákónì báyìí, kọnkéré tó tó àwo ọbẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Inú ibẹ̀ ni irin yìí wà. Bàbá náà ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, wọ́n ń wo òkun.

Àwa tí à ń ya àwòrán ilé n'Íbàdàn, irú iṣẹ́ yìí ti ń wọlé fún wa. Ẹni tó ta ilẹ̀ l'Ákóbọ̀ fẹ́ fi owó rẹ̀ kọ́ fúláàtì sétí òkun l'Ékòó. Ọmọ Ìbàdàn tó wà nílẹ̀ òkèèrè fẹ́ ibi tí yóò ti máa jí rí omi. Mi ò bá wọn jà sí i, ó dùn ún gbé bí a bá mọ̀ ọ́n kọ́. Ṣùgbọ́n orí àpáta làwa ti kọ́ṣẹ́. Níbí, ẹ ò ní gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìnnà kẹ́ ẹ tó bá ilẹ̀ líle pàdé. Orí yanrìn ni Lẹ́kí dúró sí ní tirẹ̀.

Bí ẹ bá sì ń rò pé ọ̀rọ̀ òkun ò kan ará Ìbàdàn, ẹ bi àwọn àgbà léèrè Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò tí ọmọdé ń wọ́ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kún, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó tún ṣẹlẹ̀. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá já káàkiri ìgboro, omi wọ ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Mo jáde lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo rí ilé kan tí omi gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, tó gba ẹ̀yìn jáde. Àga ìjókòó ilé náà wà lórí igi máńgòrò. Ojú ọ̀nà odò ni wọ́n kọ́ ọ sí, odò kàn gba ọ̀nà rẹ̀ kọjá ni.

Àwọn bàbá wa ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bí onílé ṣe ń kọ̀ fún un ni pé kò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbi tí àgbàrá ń gbà. Odò ṣì sàn díẹ̀ o, ó ní bèbè tí ojú lè rí. Ti òkun le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí etí rẹ̀ gan-an ń rìn.

[Àwòrán: tíréè fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, yanrìn tútù nínú rẹ̀, omi níwájú yanrìn.]

Tíréè ìjẹun nìyí. Mo fi ọwọ́ ti omi yìí láti igun, kí ìgbì kékeré lè máa lu yanrìn ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé yanrìn ń sún lọ díẹ̀díẹ̀ sápá ọ̀tún? Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ l'Ékòó nìyẹn. Gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn àti ìgbì ti ń bọ̀, wọ́n ń ti yanrìn láti ìhà Badagry lọ sí ìhà Lẹ́kí, tọ̀sán tòru. Yanrìn tó wà níwájú ilé yín lónìí, iwájú ilé ẹlòmíràn ló wà tẹ́lẹ̀, iwájú ilé ẹlòmíràn náà ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi búlọ́ọ̀kù kékeré yìí dí i lọ́nà. Ẹ wò ó. Apá ibi tí yanrìn ti ń bọ̀ ń ga sí i, apá kejì ń jẹ, ó ń kọ kòtò. Ohun tó ṣe Bar Beach, etí òkun Victoria Island l'Ékòó, nìyẹn. Láti ọdún 1908 sí 1912, ìjọba òyìnbó kó òkúta jọ sínú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, kí yanrìn má baà dí ọkọ̀ ojú omi lọ́nà. Ọkọ̀ rọ́nà wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn kó jọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ebi yanrìn wá ń pa Bar Beach níhà kejì. Láàárín bí ọgọ́rùn-ún ọdún, òkun jẹ ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Wọ́n ń kó yanrìn dà sí i, omi ń kó o lọ, ó tún ń ya bo títì Ahmadu Bello. Ibi tí òkun jẹ yẹn ni wọ́n wá padà kún fi kọ́ ìlú Eko Atlantic, tí wọ́n fi ògiri òkúta àti kọnkéré gbàgìdì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbì.

Ògiri náà ń gba àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Òkun Alfa ní Lẹ́kí ti ń ké gbàjarè láti ọjọ́ pípẹ́ pé òkun ń jẹ abúlé àwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì mọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 1947, ẹ mọ̀ pé ibi tí ọ̀pọ̀ ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, omi ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá jókòó síwájú mi, tó ní kí n jẹ́ kí omi máa kan ìpìlẹ̀ ilé òun, ìlà ibi tí ilé máa dúró sí ni mo máa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kúrò létí omi. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ṣé ilẹ̀ tí mo fi owó iyebíye rà ni kí n fi sílẹ̀ fún koríko?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, koríko gan-an. Ewéko kan wà tó máa ń nà lórí yanrìn etí òkun, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, gbòǹgbò rẹ̀ ń di yanrìn mú. Atẹ́gùn ń gbá yanrìn wá, ewéko náà ń gbà á dúró, òkìtì á sì ga. Lọ́jọ́ tí òkun bá bínú, òkìtì yẹn ni yóò jẹ, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò padà. Tó bá ṣe díẹ̀, òkìtì á tún kún. Kò sí ògiri tó mọ bí a ṣe ń kú kó sì tún jí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá hú u, tẹ́ ẹ mọ ògiri gbọọrọ dípò rẹ̀, ìgbì á lu ògiri, á tàkìtì padà, á sì fa yanrìn ẹsẹ̀ ògiri lọ. Ọdún díẹ̀ sí i, kò ní sí etí òkun mọ́ níwájú ilé tẹ́ ẹ tìtorí etí òkun kọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí owó ńlá ni wọ́n fi ra ìparun náà.

Èmi máa ń gbé ilé lé orí òpó. Àwọn òpó náà máa wọlẹ̀ jìnnà, dé ibi tí ilẹ̀ ti le. Ìsàlẹ̀ pátápátá á ṣí sílẹ̀: mọ́tò lè wà níbẹ̀, ọmọ lè ṣeré níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ tàbí páńpù síbẹ̀, ẹ má sì kọ́ yàrá ẹnikẹ́ni síbẹ̀, àní ti mágáàdì. Bí omi bá wá, kó ráyè kọjá, kó sì ráyè padà.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ńkọ́? Ìbàdàn ni olùkọ́ wa lórí èyí, mo sì fi ń yangàn. Ẹ lọ dúró níwájú ilé ìkàwé Kenneth Dike ní yunifásítì. Tọkọtaya òyìnbó tó ń jẹ́ Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya ilé ọgbà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n dá iléèwé náà sílẹ̀ lọ́dún 1948. Ẹ wo ògiri oníhò rẹ̀, bó ṣe ń dá oòrùn dúró tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Kẹ́ ẹ tún yà sí Sámọ́ńdà, ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà Dominican, kẹ́ ẹ wo ilé ìjọsìn tí Demas Nwoko kọ́. Ọkùnrin yìí fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Kìnnìún Wúrà ní Venice lọ́dún 2023 fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá wọ ilé tó kọ́ lọ́sàn-án gangan á mọ̀ pé ilé lè tutù láìsí ẹ̀rọ.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe létí òkun, níbi tí Ọlọ́run ti ń fún wa ní atẹ́gùn lọ́fẹ̀ẹ́: gíláàsì láti ilẹ̀ dé àjà, kò ṣeé ṣí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yan àwọn tó wà nínú rẹ̀, iná ìjọba lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Bákónì tó jìn, orùlé tó yọ síta dáadáa, fèrèsé tó kojú ara wọn kí atẹ́gùn lè gba àárín ilé kọjá, ìgbádùn ńlá nìyẹn. Bí ilé bá sì ju ẹyọ kan lọ, ẹ má tò wọ́n bí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ fi àlàfo sí àárín wọn, kí àwọn tó ń gbé lẹ́yìn yín náà lè rí atẹ́gùn mí sínú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí irin mi. Mo fi rúlà wọn kọnkéré tó bò ó: mìlímítà 15 péré. N'Íbàdàn, ó lè pẹ́ kí ó tó di wàhálà. Létí òkun, iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ tí ilé ń mí. Ó ń gba ojú ihò tíntìntín inú kọnkéré wọlé títí yóò fi kan irin. Irin á dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún máa ń wú. Bó bá ṣe ń wú ni yóò máa ti kọnkéré láti inú, títí á fi sán, títí á fi já. Mìlímítà 50 ni mo ń bẹ̀rẹ̀ lé níbẹ̀, kọnkéré náà á sì ki dáadáa, wọn á máa bu omi sí i bó ṣe yẹ kó tó gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ti àwọn bíríkìlà yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pò ó. Yanrìn etí òkun wà nítòsí, kò sì gba owó, wọ́n lè bù ú. Yanrìn oníyọ̀ nìyẹn, inú ilé lẹ ti ń gbin àìsàn sí i.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́kàwéè ò gùn: omi wà nítòsí gan-an lábẹ́ yanrìn níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá dà sínú kòtò á dé inú kànga aládùúgbò. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí, kí gbogbo fúláàtì jọ san án.

Iná náà wà ńbẹ̀. Ìjàpá òkun máa ń gun orí yanrìn lóru láti yé ẹyin. Bí ọmọ bá pa, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ló ń wá, torí láyé àtijọ́, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Bí iná bákónì yín bá ju ti òkun lọ, ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ náà ń bọ̀, títì ni yóò kú sí. Ẹ dojú iná kọlẹ̀, ẹ lo gílóòbù aláwọ̀ oyin, kẹ́ ẹ sì máa pa á bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ èèyàn ló kù. Mo bá bàbá apẹja kan pàdé lẹ́yìn ilé bàbá Jẹ́ríkò yẹn. Wọ́n gbé àwọ̀n sórí, wọ́n ń rìn yí ògiri ilé mẹ́ta ká kí wọ́n tó lè dé ìdí ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní ọ̀nà tí bàbá àwọn ń gbà tẹ́lẹ̀ ti di ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ẹnìkan. Láti ọjọ́ náà, kò sí àwòrán tí mo yà létí òkun tí kò ní ọ̀nà tó fẹ̀ tó kí èèyàn mẹ́rin gbé ọkọ̀ ojú omi gbà á kọjá, láti títì títí dé orí yanrìn, láìsí géètì. Àwọn kan ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀. Mi ò yọ ọ́.

Bí wọ́n bá wá fi fọ́tò ilé etí òkun hàn yín lórí fóònù, omi inú rẹ̀ máa dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á dára. Ẹ má tíì sanwó. Ẹ wọ mọ́tò láti Ìwó Róòdù, kẹ́ ẹ lọ síbẹ̀ ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ, nígbà tí ìgbì bá ga. Ẹ dúró títí omi yóò fi kún dé góńgó. Ẹ wo ibi tí ìfófòó ìkẹyìn dé lórí yanrìn, kẹ́ ẹ gún igi mọ́ ọn. Ẹ̀yìn igi yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi ará abúlé tó bá dàgbà jù níbẹ̀ pé níbo ni omi yìí wà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.