Ohùn Fáólìnì àti Ẹkún Ìyàwó: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èyí ná.

Ìlù dún lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ohùn kan náà. Fèrè wọlé bá ìkarùn-ún. Bàbá kan níwájú ti bi mí pé, "Kí ni ìlù yẹn wí?" Ìbéèrè ńlá ni. Àwa tí dùndún ń kì títí orí wa á fi wú, a kì í gbọ́ ìlù ká má wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Tímpánì, ìlù òyìnbó, ni Beethoven, ọmọ Jámánì tó ń kọ orin, fi ṣí kọnṣẹ́tò fáólìnì rẹ̀ tí a gbọ́ yìí. Kò ki ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo wa ló dákẹ́.

Ìlú Vienna ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré náà, lọ́jọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1806. Franz Clement ló ta fáólìnì. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbayì títí di ọdún 1844, tí Joseph Joachim, ọmọ ọdún 12, fi ta á ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ fi kọnṣẹ́tò wé lílé àti ègbè. Ẹnì kan ń lé, ọ̀pọ̀ ń gbè. Ṣùgbọ́n níbí, àwọn tó ń gbè ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgbà tí fáólìnì á fi dé, ọkàn ti ń retí rẹ̀. Kò sì pariwo. Ńṣe ló ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà.

Apá mẹ́ta ni eré náà. Apá kejì, èyí tó rọra ń lọ, ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá kan lẹ́bàá fèrèsé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú. Mo ní, "Mà, ṣé kò sí?" Wọ́n ní, "Kò sí o. Ọjọ́ tí mo sun ẹkún ìyàwó ni mo rántí."

Àwọn kan ní ẹni tí kò kọ́ orin òyìnbó kò lè mọ adùn rẹ̀. Mi ò gbà. Ìyá yìí kò kà á níbì kankan. Kò sí ẹni tó kú fún ìyàwó tó ń sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ilé ọkọ wù ú, ilé bàbá sì ń dùn ún fi sílẹ̀. Ọrùn fáólìnì kò ní irin tó dá ohùn dúró bíi ti gìtá. Ìka lè yọ̀ lórí okùn, ó lè gbọ̀n, bíi ti gòjé inú sákárà, bí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń sunkún. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń dà bíi tèèyàn létí wa.

Ẹ tún wò ó: apá kejì kò dúró rárá kó tó bọ́ sínú ìkẹta, ijó sì ni ìkẹta. Omijé kò tíì gbẹ, ìlù ti ń sin ìyàwó lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè ìdí tí wọn kì í fi dìde jó níbi irú eré yìí. Tiwa, bó bá ti wọra, à ń lẹ owó, à ń jó o jáde. Tiwọn, ìjókòó ni títí á fi parí. Lójú tèmi, ìgbà tí ẹsẹ̀ kò rọ́nà ni ojú ń gbà á sọ.

A tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá iwájú kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Ìka rẹ̀ ń lu orúnkún rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin.