Àdùnní Olórìṣà àti Igbó Ọ̀ṣun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kubwa, Nyanya, Karu àti káàkiri Àbújá. Lásìkò ọdún, ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja relé, tí a ó dé tòsí Òṣogbo, tí a kò sì ní yà sí igbó Ọ̀ṣun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín, àti obìnrin tó torí rẹ̀ fi ìlú baba rẹ̀ sílẹ̀.

Susanne Wenger ni wọ́n sọ ọ́ ní Graz, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 1915. Ayàwòrán ni. Ọdún 1950 ló bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ikọ́ ife fi dá a dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pàdé Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá nílùú Ẹdẹ. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ baba gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì mú un wọnú awo. Bí òyìnbó ṣe di Àdùnní nìyẹn.

Nígbà tó fi dé Òṣogbo, ikán ti ń jẹ ilé òrìṣà, wọ́n sì ń gé igi inú igbó. Àdùnní ní àfi kí òun tún un ṣe.

Kò dá a ṣe o. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Kàsálì Àkàngbé ń gbẹ́ igi. Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta àti igi. Ẹ tún gbọ́ orúkọ wọn dáadáa: orúkọ Mùsùlùmí ń bẹ níbẹ̀, ilé òrìṣà sì ni wọ́n jọ ń kọ́. Ẹ wo àwọn ère ńlá inú igbó náà: irin ló wà nínú, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ wọ́n. Ẹ wá wo òpó Kàsálì, bí ojú ẹni inú rẹ̀ ṣe gùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn kan ní kò jọ ère àtijọ́. Lójú tèmi, òrìṣà tí wọ́n ṣì ń bọ gbọ́dọ̀ máa rí ère tuntun gbà. Àdùnní fúnra rẹ̀ tún fi ẹ̀kọ àdìrẹ ya ìtàn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá.

Lọ́dún 1965, ìjọba sọ igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2005, UNESCO fi sínú ogún àgbáyé. Àdùnní kú lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o wà. Òjò ń fọ sìmẹ́ńtì wọ̀nyẹn, ikán kò sì fi ère igi sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má jẹ́ kí owó àtúnṣe wọ́n igbó náà.