Nígbà Tílẹ̀ Bá Ṣú Lórí Òkìtì Iyùn

Bí ẹ bá tẹ̀ lé ọdẹ wọ igbó Ìdànrè lọ́sàn-án, ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ máa rí. Ẹ padà lọ lóru, kí iná wà lórí ọdẹ: òkété, òwìwí, àdán. Igbó kan náà ni o. Lónìí, inú òkun la ó gbé iná ọdẹ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí Déjì Àkúrẹ́ lọ́jọ́ ọdún, ẹ mọ iyùn ọrùn ọba. Egungun ẹranko kékeré inú òkun ni. Àwọn ìbátan ẹranko yẹn ló ń kọ́ òkìtì iyùn, bí ikán ṣe ń kọ́ ọ̀gán, nínú òkun tó mọ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi ti Ọsirélíà àti Òkun Pupa. Ẹ má wá a dé Ìlàjẹ: ẹrẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀ òkun tiwa.

Lọ́sàn-án, ẹja aláràbarà ló ń ná ibẹ̀ bí ọjà. Ọ̀kan wà tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti odídẹrẹ́, tó ń ha ewé omi tó lẹ̀ mọ́ òkúta jẹ.

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, gbogbo wọn á wá ihò wọ̀. Fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́: ará ọ̀sán ti wọlé, ará òru ò tíì jáde. Àsìkò yìí ló máa ń mú mi jù, torí ìgbà náà gan-an ni àwọn ẹja ńlá apẹja máa ń dọdẹ. Ẹja tó bá pẹ́ níta, ó lè má délé.

Lẹ́yìn náà ni ẹja pupa olójú ńláńlá á jáde. Àwọ̀ pupa kì í hàn nínú omi jíjìn. Dúdú ló ń rí níbẹ̀. Edé ńlá náà á jáde, àti ẹja tó gùn bí ejò.

Ẹlẹ́nu odídẹrẹ́ wa ńkọ́? Ó ti sùn. Àwọn irú rẹ̀ kan máa ń pọ itọ́ yíyọ̀ láti ẹnu, á bo gbogbo ara wọn bí àpò. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ní Ọsirélíà ròyìn pé kòkòrò amùjẹ̀ ń kọlu àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú àpò yìí ju àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ fíìfíì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni, ẹja ló sì ń hun ún fúnra rẹ̀ kó tó sùn!

Ẹ wá gbé iná sún mọ́ òkúta náà fúnra rẹ̀. Lóru, àwọn ẹranko tíntìntín tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí máa ń gòkè wá láti inú ibú àti ihò. Púpọ̀ nínú iyùn á wá na ọwọ́ wínníwínní síta, wọ́n á máa mú wọn jẹ. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ká ọwọ́ wọn wọlé, ẹ ó sì tún rò pé òkúta lẹ ń wò.