Ẹ Wá Ẹsẹ, Ẹ Má Wá Àkọlé: Bí A Ṣe Lè Rí Ọ̀rọ̀ Àdúrà Ìrònúpìwàdà Àwọn Júù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alága ní n kò gbọdọ̀ kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn tó mọ̀ mí nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ máa ń gbé wá bá mi rèé: "Sà, wọ́n ní àwọn Júù ní àdúrà ìrònúpìwàdà kan tó ń jẹ́ Selichot. Níbo ni mo ti lè rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí mo gbọ́?" Wọ́n á ti wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú á ti pọ́n. Orúkọ yẹn gan-an kò dúró lójú kan. Ẹ ó rí Selichot, ẹ ó rí Selihot, ẹ ó rí Slichot, àwọn tí baba wọn ti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá sì ń pè é ní Slichos. Èyí tó tún burú jù ni pé kì í ṣe àdúrà kan ṣoṣo. Àkójọ ńlá ni. Láti ọjọ́ kejì oṣù Elul, oṣù tó ṣáájú Ọdún Tuntun àwọn Júù, ni àwọn Sephardi, àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Spain, ti ń jí kà á ní ìdájí títí di Ọjọ́ Ètùtù. Alẹ́ Sátidé tó ṣáájú Ọdún Tuntun ni àwọn Ashkenazi, àwọn Júù tó ṣẹ̀ wá láti Jámánì àti ìlà-oòrùn Yúróòpù, máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Bí Ọdún Tuntun bá bọ́ sí Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ọjọ́ tí wọ́n á fi kà á má baà dín ní mẹ́rin. Ewì tí àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Lituania ń kà lọ́jọ́ kan lè má sí lọ́jọ́ yẹn nínú ìwé àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà Poland. Ẹni tó bá wá sọ pé "ẹ fún mi ní Selichot" kò yàtọ̀ sí ẹni tó wọ ilé babaláwo tó ní kí wọ́n kifá fún òun láìdárúkọ odù. Odù wo?

Ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún yìí wá náà ni mo tún máa sọ: ẹ má wá àkọlé, ẹ wá ẹsẹ. Inú Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ jù nínú àdúrà wọ̀nyí, tí wọ́n fi tò ó pọ̀. Ẹ wo gbólóhùn tí Selichot àwọn Ashkenazi fi ń gbéra lẹ́yìn Sáàmù 145. Inú Dáníẹ́lì 9:7 ló ti wá. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ti túmọ̀ rẹ̀ fún yín tipẹ́: "Olúwa, tìrẹ ni òdodo, ṣùgbọ́n tiwa ni ìtìjú." Ó wà lórí tábìlì ní ilé yín. Ẹ ń wá a lọ sí Sókótó.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé kí á kàn da Bíbélì kọ ni iṣẹ́ tán. Nínú Sáàmù 71:9, àgbàlagbà kan ló ń dá bẹ̀bẹ̀ pé "Má ṣe ṣá mi tì ní ìgbà ogbó." Nínú Selichot, ẹsẹ yẹn ti di "má ṣe ṣá wa tì". Gbogbo ìjọ ló ń sọ ọ́ pọ̀. Ọmọ ogún ọdún tí eyín rẹ̀ pé wà láàárín wọn, òun náà ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ogbó. Ṣé ẹ rí iṣẹ́ tí "wa" kékeré yẹn ń ṣe? Olùtúmọ̀ tó bá da Sáàmù kọ bó ṣe wà ti sọ ẹ̀bẹ̀ ìjọ di ti ẹnì kan. Ẹsẹ ni kí ẹ wá, ṣùgbọ́n kí ẹ wo ohun tí wọ́n fi ẹsẹ náà ṣe.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bẹ yín, ẹ sọ fún àwọn tó ń ta "àdúrà Hébérù òru, ka orúkọ mẹ́tàlá yìí nígbà mẹ́tàlá" lórí WhatsApp pé mo kí wọn. Òótọ́ ni pé nǹkan mẹ́tàlá wà nínú Selichot. Kì í ṣe orúkọ; ìwà àánú Ọlọ́run ni. Kì í ṣe fún ọ̀tá ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni fúnra ẹni ni wọ́n ń torí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ìyẹn ni kò sì ní jẹ́ kó tà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀ṣẹ̀ náà wá ní ìjẹ́wọ́ tirẹ̀, Ashamnu. Wọ́n á máa fi ìkúùkù lu àyà bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ náà sì tò ní ábídí Hébérù láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ti gba gbogbo lẹ́tà tí ó wà. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá: "A ti jẹ̀bi, a ti dalẹ̀, a ti jalè, a ti ba ẹni lórúkọ jẹ́…" Gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Ní ti àwa, a kò kúrò ní lẹ́tà kìíní.

Ó kan nǹkan mẹ́tàlá náà. Ẹ́kísódù 34:6-7 ni, níbi tí Ọlọ́run ti kọjá níwájú Mósè. Nínú Talmud, àkójọ ńlá ìjíròrò àwọn rábì àtijọ́, ìwé Rosh Hashanah 17b, Rábì Yohanan ní Ọlọ́run fi aṣọ borí bí aṣáájú àdúrà, ó sì fi ètò àdúrà náà han Mósè pé nígbàkígbà tí Ísírẹ́lì bá ṣẹ̀, kí wọ́n ṣe é níwájú òun, òun ó sì dárí jì wọ́n. Rábì náà tilẹ̀ tètè sọ pé bí kì í bá ṣe pé ó wà lákọsílẹ̀, ẹnu ò gbọdọ̀ sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ka ti Yorùbá sí àwọn tó jókòó létí: "OLÚWA, OLÚWA, Ọlọ́run aláàánú àti olóore-ọ̀fẹ́, onípamọ́ra…" títí dé "àti ẹ̀ṣẹ̀ jì". Mo ti fẹ́ bọ́ sórí ìjà tí àwọn rábì Jámánì bá ara wọn jà nígbà tí màmá kan ní ìlà kejì nawọ́, Bíbélì ṣí lọ́wọ́ wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹsẹ keje tèmi kò parí síbẹ̀. Ó ní 'àti nítòótọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi lọ láìjìyà.' Ẹ̀yin lẹ fò ó ni àbí àwọn Júù?"

Mo ní, "Màmá, àwọn Júù ni. Ẹ ti gba ìyókù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi."

Ní Hébérù, ohun tó wà níbẹ̀ ni *venakeh lo yenakeh*. Àtẹnumọ́ ni, irú èyí tí àwa náà ń ṣe tí a bá ní "lílọ ni kò lọ." Kí á sọ ọ́ báyìí: "dídá sílẹ̀ ni kì í dá ẹlẹ́bi sílẹ̀." Àwọn tó ṣètò àdúrà náà wá dúró lórí *venakeh*, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Dídá sílẹ̀. Ó parí. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ di ìdájọ́ ti di ọ̀kan lára àánú mẹ́tàlá. Talmud mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì: Rábì Eleazar sọ ní Yoma 86a pé ó ń dá àwọn tó ronú pìwà dà sílẹ̀, kì í sì í dá àwọn tí kò ronú pìwà dà sílẹ̀.

Ibí ni mo ti ń bá àwọn olùtúmọ̀ kan jà. Àwọn kan á rí i pé àdúrà náà "kò pé", wọ́n á lọ fa ìyókù ẹsẹ wá láti inú Bíbélì kí wọ́n lè "tún un ṣe". Wọ́n ti mú kí ẹlẹ́bi fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi ní ibi tó ti wá tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn Yorùbá tó ń yọ̀ lẹ́nu, á kọ "ó sì ń dárí jini", ojú ibi tí wọ́n ti gé e á sì parẹ́ pátápátá. Èdè wa ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe: a lè kọ "àti dídá sílẹ̀" kí á sì dúró. Ẹni tó mọ ẹsẹ náà á gbọ́ "ni kì í dá ẹlẹ́bi sílẹ̀" tí a kò sọ.

Màmá kò tíì jókòó. "Ṣé kò jọ pé wọ́n ń fi ẹ̀tàn bá Ọlọ́run lò?"

Ìbéèrè gidi. Mo ní kí wọ́n ṣí Jónà 4:2. Jónà ka àwọn ìwà Ọlọ́run wọ̀nyí fún Ọlọ́run tìbínú-tìbínú: olóore-ọ̀fẹ́, aláàánú, ẹni tó lọ́ra láti bínú. Kò dé ibi ìjìyà rárá. Dípò rẹ̀, ó ní Ọlọ́run máa ń yí padà kúrò nínú ibi tó fẹ́ ṣe. Ẹ wá ṣí Náhúmù 1:3. Náhúmù mú *venakeh lo yenakeh* pé, kò gé e. Ìlú Nínéfè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀! Ìwé Jónà sì ni wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù ní ọ̀sán Ọjọ́ Ètùtù. Gígé náà ti wà nínú Bíbélì kí ẹnikẹ́ni tó tò Selichot.

Alága ti na bébà sí mi. Kí n sáré. Lórí èdè: Mishnah, ìwé òfin tí Talmud ń ṣàlàyé, nínú Sotah 7:1, fi àdúrà sára ohun tí a lè sọ ní èdè èyíkéyìí. Lórí Árámáíkì: Talmud ní àwọn áńgẹ́lì kò gbọ́ ọ, nítorí náà, àwọn Selichot tó wà ní èdè yẹn, wọ́n máa ń fò wọ́n tí èèyàn kò bá pé mẹ́wàá, iye tó ń sọ wọ́n di ìjọ; àmọ́ ẹni tó ń ka ìtumọ̀ nìkan kò ní mọ̀ pé èdè ti yí. Lórí Jámánì: ní 1819, ìwé àdúrà tí tẹ́ńpìlì àwọn Júù alátùn-únṣe ní Hamburg gbé jáde dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn rábì; ní 1845, nígbà tí ìpàdé àwọn rábì ní Frankfurt dìbò pé Hébérù kì í ṣe dandan nínú àdúrà, Rábì Zacharias Frankel dìde, ó jáde. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa sọ ìyókù, tí wọ́n bá tún pè mí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè pé, "Sà, tí mo bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ kí n sì gbé e síta, ibo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí?" Mo ní: Lọ sórí Sefaria, ìkànnì ìwé àwọn Júù. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ́kọ́ yan ìlànà: Lita (Lituania), Polin (Poland) tàbí Edot HaMizrach (àwọn Júù ìlà-oòrùn). Fi Bíbélì Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Ẹ́kísódù 34:7, fi àmì ìdánudúró síbi tí wọ́n ti dúró, kí o sì kọ nọ́ńbà ẹsẹ náà sí etí ìwé, torí Màmá máa ṣí i wò.