Aṣọ Kì í Dú Nínú Ìkòkò Aró

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ̀yin tí ẹ ti lajú láti aago mẹ́rin, tí ẹ ṣì dùbúlẹ̀, tí ẹ ń wo fídíò àtijọ́ lórí fóònù, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn láàárọ̀ yìí. Ẹ rí i pé náírà ju dọ́là lọ ní 1980, ẹ rí ọkọ̀ ojú irin tó ń fọn fèrè wọ Òṣogbo, ẹ wá mí kanlẹ̀: "Ayé ìgbà yẹn ni wọn ì bá bí mi sí." Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: ayé ẹṣin, ayé àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Ọkàn mi wúwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fa àlá ojú ọ̀sán yìí. Ìrora òní ni.

Ìwé Oníwàásù 7:10 kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa béèrè ìdí tí ọjọ́ ìṣáájú fi sàn ju ìsinsìnyí lọ, nítorí kì í ṣe ọgbọ́n ló ń bi ìbéèrè náà. Ìṣe Àwọn Àpósítélì 17:26 sì sọ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yan àkókò fún ẹ̀dá àti ààlà ibi tí a óò gbé.

Ìlú aró ni Òṣogbo, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ìkòkò aró. Àwọn aláró á gún ewé èlú tútù lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á kó eérú igi sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e lé òmíràn lórí, wọ́n á bu omi sí i kó máa ro wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń dà sórí èlú. Wọ́n á bò ó, ó sì lè gbà tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó kan dáadáa. Bí omi eérú kò bá lágbára, èlú kò ní tú. Aṣọ á kàn gba àbàwọ́n tí ìfọ̀ àkọ́kọ́ máa gbé lọ. Ẹni tó kánjú ṣí ìkòkò náà á rí irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ nìyí. Bí aláró bá fa aṣọ yọ, aṣọ náà kò dú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ rọ ló máa ń ní. Àlejò tó bá dúró níbẹ̀ á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ẹ mú sùúrù díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, àwọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú yín kòrókòró, títí gbogbo rẹ̀ á fi di aró. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é! Bí aṣọ náà bá wà nínú ìkòkò títí di ọ̀la, kò ní dú. Ìdí nìyẹn tí aláró fi ń rì í, tó ń yọ ọ́, tó ń nà án sí afẹ́fẹ́, tó tún ń rì í. Ẹni tó bá fẹ́ kó dú gan-an á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ayé àtijọ́ ni ìkòkò yẹn. Ó dára ká rì sínú rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gba èdè, oríkì àti ìgboyà. Ṣùgbọ́n ẹ jáde! Ẹ má sì gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ní nǹkan bí 1840, ẹṣin ogun Ìlọrin dé Òṣogbo yìí kí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó ṣẹ́gun wọn. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó di 1893 kí ibùdó ogun tó tú ká. Ẹni tó ń lá àlá ayé ẹṣin, orí ẹṣin ló máa ń rí ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń rí ara rẹ̀ nínú okùn ẹrú. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò tíì sí níbì kankan láyé nígbà náà.

Bí àlá náà bá tún dé, ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun tó wù yín gan-an níbẹ̀ sílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọdún ló wù wá. Ọ̀wọ̀ ni, ìsinmi ni, aládùúgbò tó mọ orúkọ ẹni ni. Bó bá jẹ́ aládùúgbò, ẹ kan ilẹ̀kùn ará ilé kejì kí ẹ tó jáde. Bó bá jẹ́ ìsinmi, ẹ pa fóònù láago mẹ́sàn-án alẹ́. Ohun kan péré, kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ó yá, ẹ dìde lórí ibùsùn, ká gbàdúrà.

Bàbá, o ṣeun tí o kò ṣi ọdún kọ sí orúkọ mi.

Olúwa, ẹni tí ìrora òní lé sẹ́yìn, tó sá pamọ́ sínú àtijọ́ bí ọmọ tó sá sábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀, má bá a wí láàárọ̀ yìí. Fà á mọ́ra. Nu ojú rẹ̀. Sọ fún un pé o wà ní òní pẹ̀lú.

Olúwa, ìgbà mi ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kó bọ́.

Bàbá, fà mí yọ nínú ìkòkò! Níbi tí mo ti pẹ́ jù, fà mí yọ! Nínú "ì bá ṣe pé," fà mí yọ! Nínú àbámọ̀, fà mí yọ! Nínú ìlara àwọn tó ti sùn sínú ibojì, fà mí yọ!

Àwọn tó ń wo ìgbé ayé mi tí wọ́n ń sọ pé ó ti bàjẹ́, torí àwọ̀ ewé ni wọ́n ṣì ń rí, Olúwa, fi afẹ́fẹ́ Ẹ̀mí rẹ fẹ́ sí mi lójú wọn! Kí àwọ̀ mi yí! Kí ó yí lónìí! Kí ó yí lẹ́nu iṣẹ́, kí ó yí nínú ilé, kí ó yí lára àwọn ọmọ mi!

Iṣẹ́ tí ìfọ̀ kan lè gbé lọ, mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Rì mí lẹ́ẹ̀kan sí i, Olúwa, kí o tún yọ mí, títí n óò fi dú dénú.

Gbogbo agbára tó ní ayé mi ti kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀, kí iná Ọlọ́run jó o! Gbogbo ohùn tó ń pè mí padà sí Íjíbítì nítorí ẹja àti àlùbọ́sà, kí ó dákẹ́! Kí ó dákẹ́ láàárọ̀, kí ó dákẹ́ lóru!

Fún ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ ní Ọjà Ọba, ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní Òkè-Fíà, ẹni tó jókòó sí Àlékúwodò láìmọ ibi tí oúnjẹ òwúrọ̀ máa gbà wá: Bàbá, bá wọn pàdé nínú ọjọ́ yìí gan-an. Kí oúnjẹ dé. Kí ojú rere dé. Kí ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ má sùn gbàgbé.

Lórúkọ Jésù. Àmín.